Bébà Ẹ̀yìn Sítáḿpù: Ẹ̀kọ́ Tí Àpótí Bàbá Wa Kọ́ Wa Ní Sabon Gari

Nígbà tí Ọlọ́hun Ọba pe bàbá wa padà sí ọ̀dọ̀ ara Rẹ̀ ní Sabon Gari, Kano, tí a ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ tán, tí àwọn èrò Ọ̀fà àti Ìlọrin sì ti padà sílé, àwa ọmọ wọn jókòó láti ka ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Gbèsè ni a kọ́kọ́ béèrè, nítorí pé gbèsè olóògbé ló ṣáájú ogún. Lẹ́yìn èyí ni a ka ilé, a ka ṣọ́ọ̀bù, a ka àpò obì tó ṣẹ́kù. Ohun tó kẹ́yìn ni àpótí páànù kan tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Lẹ́tà àtijọ́ ló kún inú rẹ̀ dé ẹnu, a sì fi òwú di wọ́n ní ìdì-ìdì.

Bàbá tó bí bàbá wa ló bẹ̀rẹ̀ àpótí náà. Ọdún 1911 ni ojú irin tó ti Baro wá dé Kano. Bàbá wa àgbà wà lára àwọn ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n tẹ̀ lé rélùwéè wá sí ilẹ̀ Hausa ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò tó ń ti gúúsù bọ̀. Obì ni wọ́n ń tà. Oníṣòwò obì kò sì lè ṣe kí ó má kọ lẹ́tà: bí ọjà ṣe rí, iye apẹ̀rẹ̀ tó wọ ọkọ̀, ẹni tó jẹ owó, ẹni tó bímọ nílé. Lẹ́tà tí nǹkan pàtàkì bá wà nínú rẹ̀ ní láti gba ọ̀nà rẹ́jísítà, owó ìyẹn sì ju kọ́bọ̀ kan lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí sítáḿpù onítọ́rọ́, onísísì àti oníṣílè fi wà lára àwọn àpò lẹ́tà náà, òǹtẹ̀ OFFA níwájú, òǹtẹ̀ KANO lẹ́yìn.

Ọkùnrin kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ gbọ́ nípa àpótí yìí. Ó wá, ó tú ìdì méjì wò, ó sì dá iye kan lé gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní kí a gbà á kí á pín in. Àbúrò wa obìnrin tó ń gbé ní Ìbàdàn ní kí a sùúrù ná. Èmi ni mo wá ṣe èyí tó burú jù. Mo rò pé bí a bá ṣí àwọn sítáḿpù náà kúrò lára àpò lẹ́tà tó ti pọ́n, tí a sì fọ̀ wọ́n mọ́, ọkùnrin náà yóò fi owó kún owó. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, mo sì rẹ mẹ́sàn-án sínú rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa kírun tán, omi inú abọ́ ti di àwọ̀ àlùkò. Orí ọba òyìnbó tó wà lórí sítáḿpù onísísì mẹ́ta ti ṣí, ó kù bí òjìji. Ohun ogún ni mo bàjẹ́ yẹn, kì í ṣe tèmi nìkan. Àbúrò wa tó kéré jù, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní ìpín nínú rẹ̀.

Ìtìjú yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan ní àdúgbò wa, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ láti ìgbà tí ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù ṣì jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n tó pín wọn sí NIPOST àti NITEL ní ọdún 1985. Mo gbé abọ́ náà dání.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, omi lásán ni mo fi fọ̀ ọ́,” ni mo wí.

“Omi lásán gan-an ni wọ́n ṣe é dè,” ni wọ́n dáhùn. “Olè ni àwọn òyìnbó dẹ pańpẹ́ fún, ìwọ ọmọ olóhun ni ó mú. Jókòó. Àwòrán ni gbogbo ayé ń wò lára sítáḿpù. Bébà ni kí o máa wò.”

Ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú èyí tí mo ti kà kún un láti ìgbà náà, ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa ní lọ́wọ́, nítorí mo mọ̀ pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì wà nínú ilé ọ̀pọ̀ yín.

BÉBÀ ÀTI ÀWA MÙSÙLÙMÍ

Tákàdá ni àwọn àgbà wa ń pe bébà, àwọn Hausa ń pè é ní takarda. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́kọ́ ṣe bébà. Ní ọ̀rúndún kẹjọ ni ìmọ̀ náà dé ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ní Samarkand, kí ọ̀rúndún náà sì tó parí, wọ́n ti ń ṣe bébà ní Baghdad. Láti ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí ló ti dé Sípéènì, ó sì dé Ítálì. Ìlú Fabriano ní Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi wáyà tẹ àmì sínú bébà nígbà tí ó ṣì tutù, ní nǹkan bí ọdún 1282. Ibi tí wáyà náà bá kàn yóò fẹ́lẹ́ ju ibi yòókù lọ, tí a bá sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, àmì náà yóò hàn. Oníṣòwò bébà fi ń sọ pé ọwọ́ òun ló ti jáde.

Kano ti mọ irú àmì yìí kí sítáḿpù tó dé ibẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníràkúnmí ń gbé bébà Ítálì la aṣálẹ̀ já láti Tripoli wá sí ọjà Kano. Èyí tó lókìkí jù ní àmì oṣù mẹ́ta nínú, àwọn ará Ítálì ń pè é ní tre lune. Orí irú bébà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ màálàmù ilẹ̀ Hausa kọ Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé àti ìwé fíkíhì sí. Àwọn onímọ̀ òde òní sì ń fi àmì inú bébà náà mọ ìgbà tí wọ́n kọ ìwé tí kò ní déètì. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé sítáḿpù sójú oòrùn láti wo inú rẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń ṣe lórí ìwé àwọn àgbà wa náà ló ń ṣe.

ÌDÁNWÒ KÌÍNÍ: ÌLÀ TÀBÍ ÀÌNÍLÀ

Orí àwọ̀n wáyà ni a ti ń ṣe bébà. Bí wáyà náà bá tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà tín-ín-rín yóò hàn nínú bébà bí a bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Irú èyí ni bébà Ítálì àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá hun wáyà náà bí aṣọ, bébà yóò dọ́gba, kò ní ní ìlà. Bébà aláìnílà yìí ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn sítáḿpù ilẹ̀ wa ní ayé òyìnbó. Bí ẹnì kan bá gbé sítáḿpù ìgbà ọba George wá fún yín tí ìlà gbọọrọ sì hàn nínú rẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti rí i.

ÌDÁNWÒ KEJÌ: ÀMÌ INÚ BÉBÀ

Sítáḿpù àkọ́kọ́ láyé, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 1840, ní àmì adé kékeré nínú. Nígbà tí Èkó ní sítáḿpù tirẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1874, ilé iṣẹ́ De La Rue ní London ló tẹ̀ ẹ́, adé kan pẹ̀lú lẹ́tà CC ló sì wà nínú bébà rẹ̀. Láti ọdún 1882, lẹ́tà náà yí padà sí CA, èyí tó dúró fún àwọn aṣojú ìjọba tó ń ra ọjà fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn. Ní nǹkan bí ọdún 1904, wọ́n sọ adé àti CA náà di kéékèèké, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ léraléra kárí bébà, tó fi jẹ́ pé sítáḿpù kan lè ní ju adé kan lọ nínú. Ní ọdún 1921, wọ́n kọ lẹ́tà náà ní ìkọ̀wé alámọ̀. Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, adé kúrò, lẹ́tà FN sì wọlé sínú bébà sítáḿpù òmìnira àti ti ọdún 1961.

Ẹ wo ìwúlò rẹ̀. Sítáḿpù Nàìjíríà tó ní àwòrán ọba George karùn-ún jáde ní ọdún 1914, àwòrán kan náà ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lẹ́yìn 1921. Ẹni tó bá wo iwájú nìkan yóò ní ọ̀kan náà ni. Ẹni tó bá wo inú bébà yóò mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Bí a ṣe ń wò ó ni pé kí a da ojú sítáḿpù dé orí àwo dúdú, kí a sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá láti ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá hàn, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń kán epo tí a ń rọ sí láítà sí i, ẹ̀kán kan péré. Àmì yóò hàn dúdú, epo yóò sì gbẹ kúrò láìba gọ́ọ̀mù jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: epo yìí ń gbiná kíá. Kò gbọdọ̀ dé ilé ìdáná, kò gbọdọ̀ dé itòsí sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀, kò sì gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọdé. Fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ má sì lò ó fún àwọn sítáḿpù tí wọ́n tẹ̀ lọ́nà fọ́tò, irú èyí tó pọ̀ láti ọdún 1961, nítorí ó lè tú íńkì wọn.

ÌDÁNWÒ KẸTA: BÉBÀ ẸLẸ́FUN

Èyí ni pańpẹ́ tó mú mi. Ní àtijọ́, àwọn kan máa ń fọ òǹtẹ̀ kúrò lójú sítáḿpù tí wọ́n ti lò, wọn a sì tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà mìíràn. Láti dí ọ̀nà yìí, àwọn atẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹfun pò kun ojú bébà kí wọ́n tó tẹ àwòrán sí i. Íńkì náà pàápàá jẹ́ irú èyí tí kì í dúró de omi, pàápàá àlùkò àti àwọ̀ ewé. Orí ẹfun ni àwòrán wà. Kò wọ inú bébà. Ẹni tó bá fọ òǹtẹ̀, á fọ ẹfun, á sì fọ àwòrán.

Ní nǹkan bí ọdún 1905 ni bébà ẹlẹ́fun tàn ká àwọn ilẹ̀ amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì. Sítáḿpù ọba Edward tí wọ́n tẹ̀ fún Àríwá Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń lò ní Kano lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó gba ìlú náà ní 1903, wà lórí bébà méjèèjì: òmíràn lórí bébà lásán, òmíràn lórí ẹlẹ́fun. Ní ti sítáḿpù Nàìjíríà ọdún 1914, ìpín rẹ̀ rọrùn láti rántí. Láti ẹ́ẹ́pìnnì dé kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀, bébà lásán ni. Láti tọ́rọ́ lọ sókè, ẹlẹ́fun ni. Ìdí sì yé wa: kò sí ẹni tí yóò ṣe wàhálà fọ òǹtẹ̀ nítorí ẹ́ẹ́pìnnì, àmọ́ ṣílè ju ìyẹn lọ.

Báwo ni a ṣe ń dá a mọ̀? Bàbá arúgbó yẹn bọ́ òrùka fàdákà wọn. Wọ́n fi etí òrùka náà kan igun sítáḿpù kan tí kò níye lórí mọ́, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Ìlà eérú hàn níbẹ̀ bí ẹni pé a fi pẹ́ńsù fà á. Wọ́n fi kan òmíràn, kò sí nǹkan kan. “Fàdákà kì í kọ̀wé sórí bébà lásán,” ni wọ́n wí, “orí ẹfun ló ń kọ̀wé sí.” Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọkùnrin Mùsùlùmí ló ní òrùka fàdákà lọ́wọ́, ohun èlò náà kò wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ fún mi kí n má sọ ọ́ di àṣà, nítorí àpá ni ìlà náà, kì í ṣí. Ojú ni kí a kọ́. Bí a bá fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, ojú bébà ẹlẹ́fun ń jọ̀lọ̀, ó ń dán díẹ̀, a kì í rí irun bébà. Ti bébà lásán rí bí òwú tí a tẹ̀ pẹ́lẹ́bẹ́.

ÌDÁNWÒ KẸRIN: ÀWỌ̀ BÉBÀ FÚNRA RẸ̀

Kì í ṣe gbogbo sítáḿpù ni ó wà lórí bébà funfun. Nínú àwọn ti ọdún 1914, tọ́rọ́ wà lórí bébà pupa rúsúrúsú bí ẹyin adìẹ, ṣílè kan wà lórí bébà àwọ̀ ewé, ṣílè méjì ààbọ̀ sì wà lórí búlúù. Ẹ dojú wọn dé, kí ẹ wo ẹ̀yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iwájú nìkan ni wọ́n kùn, ẹ̀yìn funfun. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn náà ní àwọ̀. Sítáḿpù oníṣílè kan nìkan, a lè rí i pẹ̀lú ẹ̀yìn funfun, pẹ̀lú ẹ̀yìn àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ bí òróró ólífì, àti pẹ̀lú ẹ̀yìn àwọ̀ ewé títàn. Ìyàtọ̀ yìí kò hàn rárá bí sítáḿpù bá ṣì wà lára àpò lẹ́tà, àyàfi tí igun rẹ̀ bá ti ṣí díẹ̀. Àwọn olùkójọ kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iye tí wọ́n ń san fún wọn kò sì dọ́gba.

ÌDÁNWÒ KARÙN-ÚN: INÁ AYẸWÓWÒ

Iná àlùkò tí àwọn báńkì àti àwọn tó ń pààrọ̀ owó ní Wapa fi ń yẹ owó wò wúlò níbi yìí. Láti nǹkan bí ọdún 1950 ni àwọn aṣebébà ti ń fi oògùn ìsọnidifunfun sínú bébà. Lábẹ́ iná yìí, irú bébà bẹ́ẹ̀ ń tàn yòò bí aṣọ funfun tí a fi búlúù sí. Bébà tó ti wà ṣáájú ìgbà náà kì í tàn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, sítáḿpù tí wọ́n pè ní ti Àríwá Nàìjíríà ọdún 1904, tó wá ń tàn yòò lábẹ́ iná, yálà ayédèrú ni, tàbí wọ́n ti lẹ bébà tuntun mọ́ ọn lẹ́yìn láti bo ibi tó ti ya.

IBI TÍ ÈWU WÀ

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Àríwá Nàìjíríà gbé sítáḿpù £25 jáde ní ọdún 1904, ó sì wà lára èyí tó ṣọ̀wọ́n jù lọ nínú gbogbo sítáḿpù Áfíríkà. Sítáḿpù olówó gọbọi bẹ́ẹ̀ kì í sábà wà lára lẹ́tà. Ara ìwé àdéhùn àti ìwé owó-orí ni wọ́n ń lẹ̀ wọ́n mọ́, wọn a sì fi gègé kọ ọ́ lójú láti fi pa á. Àwọn oníjìbìtì máa ń fọ ìkọ̀wé náà kúrò, wọn a sì lu òǹtẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ ayédèrú lé e kí ó lè níye lórí. Bébà ẹlẹ́fun ló ń tú wọn fó: ibi tí wọ́n fọ̀ kì í dán mọ́, àwọ̀ ibẹ̀ á sì ṣá.

Gbogbo wa la mọ ìtàn bí Ànábì wa Muhammad (SAW) ṣe kọjá lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọkà ní ọjà, tí wọ́n ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, tí wọ́n sì bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní tútù. Wọ́n bi onítọ̀hún léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i, wọ́n sì kìlọ̀ gidi pé ẹlẹ́tàn kì í ṣe ara wọn. Sítáḿpù tí a fọ̀, tí a lẹ̀, tí a sì tà bí ẹni pé ara rẹ̀ dá, ọkà tútù nìyẹn. Ojú nìkan ni ẹni tó ń rà á rí.

ÈYÍ TÓ LÈ WÀ NÍNÚ ILÉ YÍN

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ti ayé ọba George karùn-ún, ẹ má tíì pa àpótí yín dé. Ní ọdún 1936, sítáḿpù alámọ̀ tuntun jáde, èyí tó jẹ́ onísísì nínú wọn sì ní àwòrán ilé-ìṣọ́ mọ́ṣáláṣí àwọn Hausa, tí ìwé àwọn olùkójọ ń pè ní Habe Minaret. Inú bébà rẹ̀ ni CA ìkọ̀wé alámọ̀ wà. Ní ọdún 1953, ti ọbabìnrin Elizabeth dé: ẹ̀pà wà lórí kọ́bọ̀ kan ààbọ̀, afárá Jẹ́bà wà lórí tọ́rọ́. Ní ọdún 1961, pápákọ̀ òfurufú Kano wà lórí sítáḿpù oníṣílè mẹ́wàá. Kò sí ọmọ Sabon Gari tí kò yẹ kí ó mọ ìyẹn.

Àwọn sítáḿpù ẹranko ti ọdún 1965, kìnnìún pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, erin, àgùnfọn àti àwọn yòókù, ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Òkè òkun ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n. Láti ọdún 1969, ilé iṣẹ́ tiwa tó ń tẹ owó àti sítáḿpù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963, bẹ̀rẹ̀ sí tún wọn tẹ̀. Bí ẹ bá rí N.S.P. & M. Co. Ltd. ní kéékèèké nísàlẹ̀ àwòrán, ẹ mọ̀ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1973 dé, tí pọ́ùn, ṣílè àti tọ́rọ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí náírà àti kọ́bọ̀ tuntun sì gorí sítáḿpù. Púpọ̀ nínú àwọn ti ìgbà yìí kò lówó lórí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà lára lẹ́tà tí bàbá kọ sí ọmọ, ta ni yóò díye lé e?

BÍ A ṢE PARÍ Ọ̀RỌ̀ OGÚN NÁÀ

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó ti àpótí náà pẹ̀lú awò, àwo dúdú àti ìwé àkọsílẹ̀. N kò tún ṣí sítáḿpù kankan kúrò lára lẹ́tà. Bàbá arúgbó náà ti sọ fún mi pé odindi àpò lẹ́tà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìlú tó ti wá àti ti ìlú tó dé, sábà máa ń níyì ju sítáḿpù tí a yọ kúrò lára rẹ̀ lọ. Mo pín wọn gẹ́gẹ́ bí bébà wọn: aláìlẹ́fun lọ́tọ̀, ẹlẹ́fun lọ́tọ̀, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun lọ́tọ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ka á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ẹni tó ní ìpín, ọkùnrin àti obìnrin, títí kan àbúrò wa tó wà ní Ìbàdàn, lórí fóònù.

Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ síwájú Àáfáà ìdílé wa pẹ̀lú sítáḿpù mẹ́ta tí mo bàjẹ́. Mo ní mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Wọ́n ní àìmọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹ̀ṣẹ̀ kúrò, kò gbé ẹ̀san kúrò. Ẹni tó bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́ yóò san án. Ìyá wa, ìyàwó bàbá wa, ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn àbúrò mi tó ti dàgbà yọ̀ǹda tiwọn fún mi nítorí Ọlọ́hun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àáfáà ní kò tán. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kò tíì tó ẹni tó lè yọ̀ǹda ohun ìní rẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì lè bá a yọ̀ǹda rẹ̀. Ohun ọmọ òrukàn ni. A ṣírò ìpín rẹ̀ nínú iye sítáḿpù mẹ́ta náà bí ẹni pé ara wọn dá, mo sì san án sọ́wọ́ ìyá rẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí. Kì í ṣe owó ńlá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo san án tán ni mo tó lè sùn.

Ọkùnrin olùrà náà padà wá. A gbé ìwé àkọsílẹ̀ fún un, a fi èyí tí mo fọ̀ hàn án, a sọ ohun tó ṣe wọ́n. Iye tó sì wá san fún ìdì kan ṣoṣo ju èyí tó ti kọ́kọ́ dá lé gbogbo àpótí lọ. A kò bá a jà pé ó fẹ́ rẹ́ wa jẹ, nítorí àwa náà kò mọ ohun tí a ní nígbà náà. Lẹ́tà yòókù, a kò tà wọ́n. A gbà pẹ̀lú ìfẹ́ ara wa kí wọ́n wà nínú ilé.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ WỌN

Ẹ má fi sẹ́lótéèpù kan bébà àtijọ́, ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má lọ̀ ọ́. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ rẹ sítáḿpù òde òní sómi, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹlẹ́fun ni. Ní Kano, ọyẹ́ a máa mú kí bébà ká jọ, kí ó sì gan. Ní Èkó, ọ̀rinrin a máa lẹ sítáḿpù mọ́ ara wọn, a sì máa hu èbù sí i. Ẹ gbé wọn kúrò níbi tí oòrùn ti ń tàn sí, kúrò lórí ilẹ̀ níbi tí ikán lè dé, kí ẹ sì tọ́jú wọn sínú àpò bébà funfun tó mọ́, kì í ṣe inú ọ̀rá tí kò gba afẹ́fẹ́. Kí ọwọ́ yín gbẹ kí ẹ tó fi kàn án. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ̀yin òbí kọ orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà àti ìtàn rẹ̀ sórí ìwé kan mọ́ ọn nígbà tí ẹ ṣì wà láyé. Bébà lè sọ ọdún tí wọ́n ṣe é fún àwọn ọmọ yín. Kò lè sọ ẹni tí “Àlàájì wa ti Ọ̀fà” jẹ́.

Ìdì kan ṣì wà nínú àpótí páànù náà tí mo máa ń tú wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Sítáḿpù oníṣílè kan wà lára àpò rẹ̀, igun rẹ̀ kan ṣí díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun. Àbúrò wa kékeré ti mọ bí a ṣe ń wò ó. Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn tó ti lọ, kí Ó tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kí Ó sì fún àwa tó kù ní ọwọ́ tó mọ́ lórí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Àmín.